Ibi Kan Ni, Àbí Méjì? Ẹ Kọ Ọ́ Sórí Káàdì

Bí obìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ bá ti ibi àyẹ̀wò scan jáde, tí wọ́n sọ fún un pé ìbejì ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ti wà nílẹ̀ kó tó délé. Táyéwò àti Kẹ́hìndé ni. Ìyá ọkọ á kúnlẹ̀ dúpẹ́, àwọn ará ilé á sì ti máa pè é ní Ìyá Ìbejì kí ikùn tó yọ dáadáa. A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ayọ̀ yìí. A mọ ohun tí ìbejì jẹ́ nílé Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláboyún láti Àpápá títí dé Ajégúnlẹ̀ máa dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí káàdì obìnrin náà: ṣé ibi ọmọ kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, tàbí oníkálukú ló ní tirẹ̀? Ìwé àyẹ̀wò tó sọ pé ìbejì ni, tó ní ọkàn àwọn méjèèjì ń lù, tó sì dúró síbẹ̀, kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ibi tí à ń sọ yìí ni èyí tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, tí àwọn bàbá máa ń gbé lọ sin. Kó tó jáde, òun ló ń gba oúnjẹ àti atẹ́gùn láti ara ìyá, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ gba inú okùn ìwọ́. Ìbejì tó wá láti ẹyin méjì, ibi méjì ni wọ́n máa ń ní, kódà bí ibi méjèèjì bá fara kanra débi pé ojú lásán ń rí wọn bí ọ̀kan. Ìbejì tó wá láti ẹyin kan tó pín sí méjì ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, ọjọ́ tí ẹyin náà bá sì pín ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Bó bá pín láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oníkálukú á ní ibi tirẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹrin sí ìkẹjọ, wọ́n á jọ ní ibi kan, àmọ́ àpò omi wọn á jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, inú àpò omi kan ṣoṣo ni wọ́n á jọ máa gbé, okùn ìwọ́ wọn sì lè lọ́ mọ́ra. Bó bá wá pẹ́ ju ọjọ́ kẹtàlá lọ, ara wọn lè má pín tán, kí a bí wọn ní síso pọ̀. Irú wọn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ National Hospital ní Àbújá yà sọ́tọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, tí gbogbo Nàìjíríà yọ̀. Ó tọ́ kí a yọ̀. Síbẹ̀, ìbejì tó so pọ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìbejì ẹyin kan mẹ́ta, bíi méjì ló ń jọ lo ibi kan. Ìwé ìròyìn kì í gbé tiwọn, torí pé inú ìyá wọn ni ọ̀pọ̀ nínú ewu wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí.

Kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó lè mú kí ẹyin pín lọ́jọ́ karùn-ún dípò ọjọ́ kejì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọwọ́ ayé, kò sì sí ohun tí ọkọ ṣe. A sọ èyí ní kùtùkùtù nítorí a mọ bí ẹnu ṣe máa ń rí ní àgbàlá tí yàrá mẹ́wàá ti dojú kọra.

Àwa Yorùbá ni ayé mọ̀ sí abìbejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Percy Nylander, tó ṣe ìwádìí ìbejì ní Ìbàdàn láti ọdún 1960 ó lé díẹ̀, rí i pé ní Ìgbò-Ọrà, nínú 1,000 ìbímọ, 45 sí 50 ló ń jẹ́ ìbejì, ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Yúróòpù ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú ìbejì wa ló wá láti ẹyin méjì. Ìbejì ẹyin kan ní tirẹ̀ kì í wo ẹ̀yà: bíi 4 nínú 1,000 ìbímọ ló ń jẹ́ níbi gbogbo láyé. Ìlàjẹ ni ìyá náà o, Ìjọ (Ijaw) ni o, Urhobo, Ìgbò, Ẹ̀gùn tàbí Hausa, gbogbo àwọn tó jọ ń pín ẹ̀rọ omi kan ní Ajégúnlẹ̀, ewu kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Nínú ìbejì 100 tí à ń bí nílẹ̀ Yorùbá, nígbà náà, àwọn tó jọ lo ibi kan kò tó mẹ́wàá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí pé àwọn tí kò jọ lo ibi kan ló pọ̀, a ti mọ ìbejì bí débi pé a kì í bi í léèrè irú ìbejì tó jẹ́. Agbẹ̀bí tó ti gba ìbejì fún ogún ọdún lè rò pé òun ti rí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá, nígbà tó jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tó gbà ní. Ó sì dùn wá, nítorí pé orí ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí pàtàkì nípa ibi ìbejì. Ní ọdún 1969 ni Nylander àti Corney tẹ ohun tí wọ́n rí lára ibi àwọn ìbejì tí a bí ní Ìbàdàn jáde. Ohun tí Ìbàdàn ti ń wò fínnífínní ní ọdún 1969, kò yẹ kó jẹ́ àjèjì lórí káàdì aláboyún ní Òpópó Kirikiri lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi abọ́ oúnjẹ ṣàpèjúwe ewu tó wà níbẹ̀. Ọmọ méjì tó jókòó ti abọ́ kan, bí ọwọ́ wọn bá dọ́gba, wọ́n á jọ yó. Nínú ibi àjọlò, kò sí àgbàlagbà tó ń wò wọ́n. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó já láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ irú oyún bẹ́ẹ̀, èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ máa ń dọ́gba, a ó sì bí wọn ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nínú 100, bíi 10 sí 15 ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápá kan ju apá kejì lọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń fúnni á dín, kíndìnrín rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò sọ di ìtọ̀, omi tó yí i ká á máa gbẹ títí awọ àpò rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ tó ń gbà á gba àgbàjù, ọkàn rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, á máa tọ̀ ṣáá, omi tirẹ̀ á sì máa kún àkúnya. Ẹni tó ń fúnni ń kú lọ, ẹni tó ń gbà náà ń kú lọ. Bó bá le, tó sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù kẹfà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú rẹ̀, nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 100, ó lé ní 80 tó ń kú.

Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni èyí máa ń wọ́pọ̀ jù. Ohun tí ìyá á kàn rí ni pé ikùn òun tóbi lójijì láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó le gbandi, mímí ń ni í lára, kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi sùn. Ládùúgbò wa, oríire ni wọ́n máa ń ka ìyẹn sí. Wọ́n á ní àwọn ìbejì ń jẹun nìyẹn, kó máa rọra rìn, kó má gbé garawa omi mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́: ikùn ìbejì tó wú lójijì, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò aláboyún tó ń bọ̀.

Àìsàn méjì mìíràn wà tí a kò ní pẹ́ lórí wọn. Ibi kan náà lè pín láìdọ́gba, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ máa dàgbà, kí èkejì máa joro. Iṣan tó tín-ín-rín bí irun sì lè máa jo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ara ọ̀kan sí èkejì, tí omi inú àpò wọn kò ní yàtọ̀ rárá, àfi bí wọ́n bá bí wọn tí ọ̀kan funfun ràndànràndàn, tí èkejì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò scan tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ ọmọ nìkan ló lè tètè fura sí ìkejì yìí.

Èyí tó ń dà wá láàmú jù ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá kú sínú. Àwọn baba ńlá wa gbà pé ọkàn ìbejì so mọ́ra, pé bí ọ̀kan bá lọ, èkejì lè bá a lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère fún èyí tó lọ nìyẹn, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, kí èyí tó kù lè dúró. Ère ìbejì wà káàkiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí, àwọn tó ń wò wọ́n ń yin ọwọ́ agbẹ́gilére. Àwa tó ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló wà nídìí ère kọ̀ọ̀kan. Nínú ibi àjọlò, ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù yẹn ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bí ọkàn ọ̀kan bá dúró, ẹ̀jẹ̀ èyí tó wà láàyè á ya lọ sínú ara òkú gba inú àwọn iṣan àjọlò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Nínú 100 irú rẹ̀, bíi 15 ni èkejì náà á kú, nínú àwọn tó bá sì là á já, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ní ìpalára nínú ọpọlọ. Ìpalára náà á ti wáyé kí dókítà tó gbọ́ rárá, nítorí náà sísáré gbé ọmọ jáde lẹ́yìn ìgbà náà kì í sábà dá a padà. Bí ibi bá jẹ́ méjì, ewu fún èyí tó kù kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an. Dókítà tí kò mọ̀ bóyá ibi kan ni tàbí méjì kò lè mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ìyá tí ọ̀kan kú mọ́ nínú.

Ìtọ́jú wà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni oníṣègùn Amẹ́ríkà náà, Julian De Lia, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná laser sun àwọn iṣan àjọlò náà pa nínú oyún. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn Yúróòpù tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 142: níbi tí wọ́n ti lo laser, 76 nínú 100 ìyá ló ní ó kéré tán ọmọ kan tó yè, níbi tí wọ́n ti kàn ń fi abẹ́rẹ́ fa omi tó pọ̀ jù kúrò, 56 ni. Laser ń fẹ́ ẹ̀rọ àti ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa, a sì fẹ́ kí ìjọba Èkó mú un wá sí ilé ìwòsàn ńlá kan, kí wọ́n rán àwọn dókítà lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìṣirò náà wò. Fífa omi, tí abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ scan tó fún, ṣì gba ọmọ là nínú ìdílé tó ju ìdajì lọ. Abẹ́rẹ́ dexamethasone tí wọ́n ń fún ìyá tí yóò bímọ láìpé oṣù, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó, kò wọ́n. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní ọdún 2020, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, sì fi hàn pé ó ń dín ikú ọmọ kù. Mímọ ọjọ́ tó yẹ kí a gbẹ̀bí náà kò náni ní kọ́bọ̀: ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 fún àwọn tó jọ lo ibi kan, ọ̀sẹ̀ 32 sí 34 fún àwọn tó tún jọ wà nínú àpò omi kan. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé ṣe níbí, kìkì bí ẹnìkan bá ti mọ̀ ní kùtùkùtù pé ibi kan ni.

Kùtùkùtù yẹn ní ọjọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 ni àyẹ̀wò scan máa ń fi í hàn kedere. Bí awọ tó pín àwọn ọmọ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì dúró gbọn-ọn lórí ibi bíi lẹ́tà T, ibi kan ni. Bí ẹran ibi bá yọ wọ àárín awọ náà ní igun mẹ́ta, ibi méjì ni. Bó bá pẹ́ sí i, àmì náà á máa parẹ́. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀sẹ̀ 16, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa wo àwọn tó jọ lo ibi kan. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aláboyún ṣe scan kan kó tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Fún ìbejì, a kò gbà pé ó tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe scan ní ọ̀sẹ̀ 23 lè wá bá òkú ọmọ nínú ara rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin wa kì í tètè wá? Owó wà níbẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ, kí ojú ayé má baà bà á. A bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ayé. Obìnrin lè pa oyún rẹ̀ mọ́ fún gbogbo àdúgbò kó sì fi han ẹni kan ṣoṣo tó wọṣọ funfun ní oṣù kẹta. Ọ̀pọ̀ obìnrin Ajégúnlẹ̀ sì ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wọn àti lọ́dọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ju nínú ilé ìwòsàn lọ, torí pé níbẹ̀ a máa ń pè wọ́n lórúkọ, a máa ń gbàdúrà fún wọn, a kì í sì í lé wọn padà nítorí owó. Ẹni tó bá fẹ́ yí èyí padà nípa bíbú àwọn agbẹ̀bí kò ní ṣe é. Àjọ tó ń mójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí wọ̀nyí sílẹ̀. Kí wọ́n fi ohun kan kún ìlànà wọn: agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kankan kò gbọdọ̀ gba oyún ìbejì láìrí ìwé scan tó sọ iye ibi. Bó bá jẹ́ kan, kí agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ mú obìnrin náà lọ sí Ajeromi General Hospital tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àpápá, kó bá a jókòó, kó máa bá a gbàdúrà nìṣó.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn obìnrin tálákà yóò máa gba iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó náà, ní ọdún yẹn kan náà, sọ ìdójútòfò ìlera di dandan, èyí tí ètò Ìlera Èkó ń ṣe. A yìn wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ wà ní òpin ọ̀nà, oṣù kẹta ni ìbejì tó jọ lo ibi kan ti nílò owó. Kí Ìlera Èkó san owó scan ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 fún gbogbo aláboyún tó wà nínú rẹ̀, kó sì san ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún àwọn tí ibi wọn jẹ́ kan. Wọn kò pọ̀. A ti ṣírò rẹ̀ lókè: nínú ìbejì 100, wọn kò tó mẹ́wàá.

Àwọn alága Àpápá, Àpápá-Ìgànmú, Ajeromi-Ifẹ́lódùn àti Ifẹ́lódùn ló sún mọ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé jù. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń béèrè ẹ̀rọ scan kan ní ilé ìlera kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí wọ́n ti kọ́ láti mọ lẹ́tà T yàtọ̀ sí igun mẹ́ta. Owó orí ẹrù tó ń gba èbúté Àpápá wọ orílẹ̀-èdè yìí ti wà lára èyí tó pọ̀ jù láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ fún awakọ̀ tírélà lẹ́nu ọ̀nà èbúté yẹn ni à ń sọ̀rọ̀ wọn.

Tírélà gan-an tún jẹ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí Ajeromi bá rí i pé omi ń kún lára ọmọ kan, tó sì ń gbẹ lára èkejì, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí Island Maternity ni wọ́n á darí ìyá sí. Kò jìnnà lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó bá ti há sí Mile 2 rí, tàbí lórí afárá Liverpool láàárín kọ̀nténà, mọ bó ṣe ń rí. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni ètò tó ń pe tírélà sí èbúté ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń darí rẹ̀ jókòó pẹ̀lú LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, àti àwọn onímọ́tò ambulance ìjọba, kí wọ́n ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láti Ajégúnlẹ̀ gba Orílé, tí tírélà kankan kò ní dúró sí lójú ọ̀sán tàbí lóru. Kí a sì kọ nọ́ńbà 767 àti 112 sẹ́yìn káàdì ìyá tí ibi rẹ̀ jẹ́ kan, kí ọkọ rẹ̀ mọ ẹni tí yóò pè bí ikùn bá wú lóru.

Ohun kan kù tí kò náni lówó rárá. Lọ́jọ́ ìbí, kí wọ́n tó fi ibi lé bàbá ọmọ lọ́wọ́ láti lọ sin ín, kí agbẹ̀bí tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó wo awọ tó wà láàárín, kó ka okùn ìwọ́ méjèèjì, kó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé: kan, tàbí méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kó ìwé wọ̀nyẹn jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì oṣù kẹta, kí wọ́n wo iye ibi tí scan ti mọ̀ àti iye tó gbà kọjá wọn láìmọ̀, kí àwọn alága mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráàlú láti kà.